Omíyalé àti Ìdáhùn Rẹ̀

Àwọn ará Ìbàdàn kì í sọ̀rọ̀ gígùn nípa ìkún omi. Omíyalé ni wọ́n ń pè é. Bí wọ́n bá fẹ́ fi kún un, wọn a ní, agbára ya ṣọ́ọ̀bù. Ó parí. Ẹni tí ó bá gbọ́ ọ ti mọ̀ pé ilé ti lọ, ọjà ti lọ, ẹ̀mí pẹ̀lú sì ti lọ.

Ìkún omi ọjọ́ Ìsinmi, ọjọ́ 31 oṣù Ògọ́ọ̀sì 1980, ni ó fi orúkọ yìí múlẹ̀ ní ẹnu gbogbo ènìyàn. Odò Ògùnpa, tí ó ti ìhà Bódìjà ṣàn wá sí ẹ̀bá Dùgbẹ̀, tí ó sì gba Òkè-Àdó kọjá, kún bo bèbè rẹ̀. Ó lé ní ọgọ́rùn-ún ènìyàn tí ó bá a lọ. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ìjọba fi kọnkéré tẹ́ ojú odò náà, iṣẹ́ tí ó gba ọ̀pọ̀ ọdún. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ 26 oṣù Ògọ́ọ̀sì 2011, òjò ńlá mìíràn rọ̀. Afárá wó, omi kó ẹja ọgbà Yunifásítì tí ó kọjú sí Agbowó lọ, ẹ̀mí tí ó sì ṣòfò tún lé ní ọgọ́rùn-ún.

Omíyalé jẹ́ ọ̀rọ̀ tí ó dùn ún gbọ́, ṣùgbọ́n ó bo nǹkan mọ́lẹ̀. Omi nìkan ni ó fi ṣe ọ̀daràn. Bí a bá yí i padà pé, Àwa la yalé omi, ó gùn díẹ̀ sí i, ṣùgbọ́n ó súnmọ́ òtítọ́ jù ú. Àwọn kan kọ́ ilé sí ibi tí odò ń nà ẹsẹ̀ sí. Àwọn mìíràn da pàǹtí dí ọ̀nà rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kúkúrú mìíràn tí a ń kọ sára ògiri ni, Má da ilẹ̀ síbí. Ẹ kíyèsí i pé ilẹ̀ tí à ń gbìn sí àti ilẹ̀ tí à ń gbá, orúkọ kan náà ni wọ́n ń jẹ́. Kò burú nígbà náà. Èèpo iṣu, ewé àti eérú tí ìyá ilé gbá lọ sí ààtàn kì í pẹ́ di ilẹ̀ padà, ẹ̀gúsí a sì máa hù lórí rẹ̀. Ọ̀rá omi mímu kò ní irú ẹ̀bùn bẹ́ẹ̀. A lè gbá a bí ilẹ̀, kò ní di ilẹ̀. Gọ́tà ni yóò dí, omi yóò dúró, ẹ̀fọn yóò sì pamọ sí i. Àwọn wolé-wolé àtijọ́ tí ń yọjú wo inú ìkòkò omi ìbá rí iṣẹ́ ṣe!

Bí a bá wá ní kí ará Bódìjà tàbí Challenge fi ọ̀rọ̀ mẹ́ta tàbí mẹ́rin sọ bí òun ti ń bá ilẹ̀ gbé, kí ni yóò wí? Ìyá ilé lè wí pé, Mo ya ọ̀rá sọ́tọ̀. Onílé lè wí pé, N kò kọ́lé sódò. Ti àgbẹ̀ ni ó wuyì jù: Ààtàn mi ń so. Ẹni tí kò bá lè sọ ọ́ láìpurọ́, kí ó ṣì dákẹ́ ná.

Ti àgbẹ̀ yìí kì í ṣe àlá. Ní ìparí àwọn ọdún 1990, a dá ilé iṣẹ́ kan sílẹ̀ ní ọjà Bódìjà láti sọ pàǹtí ọjà di ajílẹ̀. Ní ilé ẹni náà ó ṣeé ṣe. Kí a tẹ́ èèpo àti ewé, kí a da ìgbẹ́ adìyẹ lé e, kí a fi erùpẹ̀ díẹ̀ bò ó, kí a sì tún bẹ̀rẹ̀. Kí ó máa tutù díẹ̀, kí ó má ṣe rẹ. Kí a yí i padà ní ọ̀sẹ̀ méjì méjì, kí ó sì jìnnà sí kànga. Nígbà tí ó bá dúdú, tí kò gbóná mọ́, tí kò sì rùn, ó tó kó lọ sí oko.

Ní ti gọ́tà, òpin oṣù Ògọ́ọ̀sì ni ìkún omi méjèèjì dé, ní ìgbà tí òjò a máa dáwọ́ dúró díẹ̀, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn a sì gbé ọkọ́ pamọ́. Oṣù Júláì ni kí a ti kó o.