Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ẹ́ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ fọ́tò, ẹ má kó gbogbo owó yín lé kámẹ́rà lórí

Bí ìyàwó bá ti jó wọ inú gbọ̀ngàn, kò ní í tún un jó wọlé lẹ́ẹ̀kejì nítorí pé fọ́tò àkọ́kọ́ ṣókùnkùn. Ẹ̀rù èyí ló ń mú kí ọ̀pọ̀ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ fọ́tò yáwó lọ́dọ̀ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù láti fi ra kámẹ́rà ńlá. Wọ́n rò pé bó bá ṣe wọ́n tó ni yóò ṣe dára tó. Ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Lẹ́ǹsì àti ìmọ́lẹ̀ lẹ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ronú sí.

Àgbà ayafọ́tò nnì, J. D. 'Okhai Ojeikere, tó kú lọ́dún 2014, tí ayé mọ̀ mọ́ àwòrán irun dídì àwọn obìnrin Nàìjíríà, kámẹ́rà Brownie D kékeré tí kò ní fìláàṣì ló fi bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1950.

Ohun tí àwọn òǹtajà sábà máa ń fi tan èèyàn ni iye megapixel. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Fọ́tò tó fẹ̀ ní ínǹṣì 8, tó sì gùn ní ínǹṣì 10, bí wọ́n bá fẹ́ kó mọ́ dáadáa, àmì 300 ni wọn yóò tẹ̀ sínú ínǹṣì kọ̀ọ̀kan. 2,400 lọ́nà 3,000 jẹ́ 7,200,000, ìyẹn megapixel méje àti díẹ̀. Kámẹ́rà megapixel 12 ti ṣe é ní àṣeyanjú.

Ohun tó ṣe pàtàkì ni pé kí kámẹ́rà náà gbà yín láyè láti fọwọ́ ara yín ṣètò ìmọ́lẹ̀. Èyí tó ń dá ṣe ohun gbogbo máa ń wá ìwọ̀ntúnwọ̀nsì láàrin funfun àti dúdú. Bí ìyá ìyàwó bá wọ léèsì funfun báláú, kámẹ́rà yóò rò pé ìmọ́lẹ̀ ti pọ̀ jù, yóò dín in kù, ojú màmá yóò sì ṣókùnkùn.

Ó wá kan lẹ́ǹsì. Èyí tó máa ń bá kámẹ́rà wá nínú páálí, bí ẹ bá fà á dé 50mm, ihò rẹ̀ kì í sábà ṣí ju f/5.6 lọ. Lẹ́ǹsì 50mm f/1.8, tí kò wọ́n púpọ̀, ń gba ìmọ́lẹ̀ tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po mẹ́wàá èyí. Nínú gbọ̀ngàn tí iná rẹ̀ kò tó, òun ni kì í jẹ́ kí àwòrán gbọ̀n. Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra o: lẹ́ǹsì Canon kì í bá Nikon mu. Bákan náà, Nikon D3100 àti D5100 kò ní ẹ́ńjìnnì tó ń yí lẹ́ǹsì. Lẹ́ǹsì tí wọ́n kọ AF-S sí lára ni kẹ́ ẹ wá fún wọn, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ọwọ́ lẹ ó máa fi yí i kí àwòrán tó mọ́.

Tòkunbọ̀ kì í ṣe ohun ìtìjú. Láti ọdún 2018, tí Canon àti Nikon ti gbé kámẹ́rà ńlá tí kò ní dígí nínú jáde, ọ̀pọ̀ ayafọ́tò ló ti ta DSLR wọn. Kẹ́ ẹ tó sanwó, ẹ tan iná fóònù sínú lẹ́ǹsì, kẹ́ ẹ wò bóyá ó ti bu. Ẹ ya ojú ọ̀run ní f/16. Ìdọ̀tí inú kámẹ́rà yóò hàn bí àbàwọ́n. Ẹ béèrè iye fọ́tò tó ti yà. Ṣọ́tà, ìyẹn ìlẹ̀kùn kékeré inú rẹ̀ tó ń ṣí tó sì ń tì, máa ń gbó. Nínú ọ̀pọ̀ kámẹ́rà tí kò wọ́n, nǹkan bíi 100,000 fọ́tò ni àwọn tó ṣe é retí pé kó yà.

Ohun tó wà lẹ́yìn ẹẹ́fà ju eéje lọ. Bátìrì kejì, mẹ́mórì káàdì méjì àti fìláàṣì ṣì ń bọ̀. Nítorí náà, ẹ pín owó yín sí méjì: ìdajì fún kámẹ́rà, ìdajì fún lẹ́ǹsì àti àwọn yòókù. Ìwọ̀n eku nìwọ̀n ìtẹ́. Bí iṣẹ́ bá ti ń mówó wọlé, èrè rẹ̀ ni kẹ́ ẹ fi ra kámẹ́rà ńlá, kì í ṣe gbèsè.