Òdòdó Tó Mọ Ọ̀nà Ilé

Bí oṣù kẹsàn-án bá ti wọlé ní Lọ́ńdọ̀nù, tí àwọn ọlọ́jà ti kó òdòdó oníṣu tó rí bí àlùbọ́sà síta, àwọn ará ìjọ wa á bẹ̀rẹ̀ sí í bi mí pé, "Màmá, èwo ni ká rà?" Daffodil ni. Ẹ fi tulip sílẹ̀ fún ẹni tó lówó tó fi ń ra tuntun lọ́dọọdún.

Tulip lẹ́wà, mi ò jiyàn. Ṣùgbọ́n orí àwọn òkè Àárín Gbùngbùn Éṣíà ló ti wá, níbi tí òtútù ti ń mú wọ eegun, tí ẹ̀ẹ̀rùn sì ń gbẹ táútáú. Inú erùpẹ̀ gbígbẹ ni iṣu rẹ̀ ti ń sinmi. Ilẹ̀ amọ̀ ẹ̀yìnkùlé mi ní Lewisham ò lè fún un nírú ìsinmi bẹ́ẹ̀. Òjò á máa rọ̀, omi ò ní ráyè lọ, iṣu á sì jẹrà.

Ọ̀pọ̀ daffodil ní tiwọn, Spéènì àti Pọ́túgà ni orírun wọn, òjò ìgbà òtútù ò sì ṣàjèjì sí wọn. Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni Tête-à-tête, tí Alec Gray mú jáde ní Cornwall ní àwọn ọdún 1940. Kúkúrú ni, atẹ́gùn oṣù kẹta ò lè ṣẹ́ ẹ lọ́rùn. Bí ilẹ̀ yín bá lómi ju tèmi lọ, ẹ gbin òdòdó oníṣu mìíràn tó ń jẹ́ Fritillaria meleagris. Ní Magdalen College, Oxford, inú pápá tí odò Cherwell máa ń kún bò ló ń hù sí.

Ẹ gbẹ́ ihò tó jìn tó gíga iṣu náà lọ́nà mẹ́ta, kí ṣóńṣó rẹ̀ wà lókè.

Nítorí ewé ni mo ṣe ń bẹ̀ yín. Bí òdòdó bá ti rọ, ẹ ká orí rẹ̀ kó má baà so èso, ṣùgbọ́n ẹ má fọwọ́ kan ewé fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, ó kéré tán. Ẹ má gé e, ẹ má ta á ní kókó. Oúnjẹ ọdún tó ń bọ̀ ló ń fi oòrùn sè ránṣẹ́ sísàlẹ̀. Bí ewé bá wá pọ̀ lọ́dún mìíràn tí òdòdó ṣọ̀wọ́n, àyè ti há nìyẹn. Mo máa ń wú wọn ní oṣù kẹfà, màá fọwọ́ ya iṣu tó ti lẹ̀ mọ́ra, tí èèpo gbígbẹ rẹ̀ á máa bó sí mi léèkánná, màá sì tún wọn gbìn síbi tó láyè.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbé iṣu daffodil sí ilé ìdáná. Májèlé ni, á mú èèyàn bì. Ìdí nìyẹn tí ọ̀kẹ́rẹ́ fi ń fo tèmi kọjá, tó ń lọ wú tulip aládùúgbò mi jẹ.