Erédò Súngbọ́: Odi àtijọ́ tí ọjà ilẹ̀ Lekki sí Ẹ̀pẹ́ ń sún mọ́

Ẹni tó bá gbéra láti Ajah, tó gba Sangotedo, Awoyaya àti Lakowe dé Ẹ̀pẹ́, tó wá yà sí ọ̀nà Ìjẹ̀bú-Òde, ti la odi ayé àtijọ́ kan kọjá kó tó dé ibi tó ń lọ. Ọ̀pọ̀ awakọ̀ ni kò mọ̀. Kò sí òkúta níbẹ̀, kò sí ilé gogoro, kò sì sí géètì onírin. Ilẹ̀ pupa tí wọ́n gbẹ́ jìn ni, tí igbó sì ti bò mọ́lẹ̀. Erédò Súngbọ́ ni wọ́n ń pè é. Orúkọ yìí náà ni ìlú Erédò ń jẹ́, òun náà sì ni ìjọba ìdàgbàsókè ìbílẹ̀ tó wà ní àgbègbè Ẹ̀pẹ́ ń jẹ́.

Lásìkò tí ilẹ̀ ń gbówó lórí láti Lekki títí dé Ẹ̀pẹ́, ó yẹ kí àwọn ará àdúgbò àti àwọn tó ń ra ilẹ̀ mọ ohun tó wà nínú igbó yẹn, kí katakata tó débẹ̀.

Kí ni Erédò gan-an?

Tí wọ́n bá dárúkọ odi, ògiri ló máa ń kọ́kọ́ wá sí èèyàn lọ́kàn. Erédò kò rí bẹ́ẹ̀. Yàrà ni, kòtò gígùn tí wọ́n gbẹ́ yí ilẹ̀ ká. Erùpẹ̀ tí wọ́n hú jáde, ẹ̀gbẹ́ inú ni wọ́n kó o jọ sí títí tó fi di òkè. Ẹni tó bá ń bọ̀ láti ìta máa kọ́kọ́ sọ̀kalẹ̀ sínú kòtò, á wá gbójú sókè, á rí ilẹ̀ pupa tó dúró gbọnrangandan níwájú rẹ̀. Ní àwọn ibì kan, láti ìsàlẹ̀ kòtò dé orí òkè tó mítà 20. Ìyẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ilé alájà mẹ́fà.

Gígùn rẹ̀ tó nǹkan bíi kìlómítà 160. Ká sọ ọ́ lọ́nà míì, tí wọ́n bá na odi yìí tán, ó gùn ju títì márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn lọ. Ó yí Ìjẹ̀bú-Òde àti ọ̀pọ̀ ìlú àti abúlé ká. Apá kan rẹ̀ wà ní ìpínlẹ̀ Ògùn, apá tó kù wà ní ìpínlẹ̀ Èkó.

Ní ọdún 1959, onímọ̀ kan tó ń jẹ́ P. C. Lloyd kọ̀wé nípa rẹ̀ nínú ìwé àtìgbàdégbà tí wọ́n ń pè ní Odù. Ogójì ọdún lẹ́yìn náà, ní 1999, iṣẹ́ Patrick Darling láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló jẹ́ kí ayé gbọ́ nípa odi náà. Ìṣirò tiẹ̀ ni pé erùpẹ̀ tí wọ́n hú níbẹ̀ tó mítà onígun mẹ́ta mílíọ̀nù mẹ́ta àtààbọ̀, tó sì ju òkúta tí wọ́n fi kọ́ píráḿídì ńlá ilẹ̀ Íjíbítì lọ. Ẹ má gbàgbé pé kò sí katakata nígbà náà, kò sí típà. Ọwọ́ èèyàn ló ṣe é.

Ta ló ni ín, ìgbà wo ni wọ́n sì gbẹ́ ẹ?

Ìtàn tí àwọn àgbà Ìjẹ̀bú ń sọ ni pé obìnrin olówó kan ló ní kí wọ́n gbẹ́ ẹ. Bílíkísù Súngbọ́ lorúkọ rẹ̀. Wọ́n ní kò bímọ, ó sì fẹ́ fi ohun kan sílẹ̀ tí ayé á fi máa rántí òun. Òkè-Ẹ̀rí, lẹ́bàá Ìjẹ̀bú-Òde, ni wọ́n ní sàréè rẹ̀ wà. Mùsùlùmí, Krìstẹ́nì àti ẹlẹ́sìn ìbílẹ̀ ló ń lọ ṣèbẹ̀wò síbẹ̀. Àwọn kan tiẹ̀ gbà pé òun ni ayaba Ṣébà tó lọ sọ́dọ̀ Ọba Sólómọ́nì.

Ohun tí àwọn awalẹ̀-wo-ìtàn rí yàtọ̀ díẹ̀. Nígbà kan, wọ́n ní odi náà ti lé ní ẹgbẹ̀rún ọdún. Àmọ́ ìwádìí tó dé lẹ́yìn náà, tí Gérard Chouin àti Olanrewaju Lasisi wà lára àwọn tó ṣe é, fi hàn pé àárín nǹkan bí ọdún 1370 sí 1420 ni wọ́n gbẹ́ ẹ. Tó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, ó lé ní ẹgbẹ̀rún méjì ọdún tó wà láàárín Sólómọ́nì àti ẹni tó fi ọkọ́ kọ́kọ́ kan ilẹ̀ Erédò.

Ṣé ìyẹn wá sọ ìtàn àwọn àgbà di òfo ni? Rárá. Yàrà tó gùn tó báyìí, ẹni tó láṣẹ tó sì lè bọ́ ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ ló lè gbẹ́ ẹ. Ìtàn náà sì ń sọ fún wa pé nígbà tí Ìjẹ̀bú ń rántí irú ẹni bẹ́ẹ̀, obìnrin ni wọ́n dárúkọ.

Ẹ̀rí míì tún wà láti òkèèrè. Atukọ̀ ojú omi ará Pọtogí kan, Duarte Pacheco Pereira, kọ̀wé ní nǹkan bí ọdún 1505 sí 1508. Ó ní ìlú ńlá kan wà lápá ibí yìí tí wọ́n ń pè ní Ìjẹ̀bú, pé yàrà ńlá kan ló yí i ká.

Kí ni wọ́n gbẹ́ ẹ fún?

Ogun lohun àkọ́kọ́ tó máa ń wá síni lọ́kàn. Òótọ́ ni pé kòtò tó jìn báyìí kò ní jẹ́ kí ọ̀tá sáré wọlé, àgàgà tó bá gun ẹṣin. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan wà níbẹ̀. Kìlómítà 160, ọmọ ogun mélòó ló fẹ́ ṣọ́ ọ tọ̀sán-tòru?

Ìdí nìyí tí àwọn onímọ̀ kò fi fẹnu kò sórí ogun nìkan. Ó lè jẹ́ ààlà, tó ń sọ fún àlejò pé ibi tí agbára ọba dé nìyí. Ó sì lè jẹ́ ọ̀nà láti darí èrò gba ẹnubodè. Ìjẹ̀bú ló wà láàárín ọ̀sà àti àwọn ìlú òkè, oníṣòwò ni wọ́n, owó bodè kò sì ṣàjèjì sí wọn. Ẹni tí kò lè fo yàrà, ọ̀dọ̀ oníbodè ló máa gbà.

Nígbà tó di 1892, ogun dé. Àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì gúnlẹ̀ sí Ẹ̀pẹ́ pẹ̀lú ìbọn arọ̀jò-ọta, wọ́n forí lé Ìjẹ̀bú-Òde, ogun sì le ní Ìmàgbọ́n. Ìjẹ̀bú kò borí. Láti ìgbà náà, yàrà kò níṣẹ́ ogun mọ́. Igbó bò ó, àgbẹ̀ dáko síbẹ̀, títì ọ̀dà sì là á kọjá.

Ohun tó ń bọ̀ wá bá a lónìí

Ilé ìfọpo Dangote wà ní Ìbẹ̀jú-Lekki. Èbúté ọkọ̀ ojú omi Lekki bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2023. Ẹ́sítéètì ń yọ lọ́tùn-ún lósì títì Ajah sí Ẹ̀pẹ́, ẹni tí owó rẹ̀ kò ká ilẹ̀ Ajah mọ́ sì ń wá tiẹ̀ lọ síwájú. Kò sí aburú nínú ìdàgbàsókè. Àmọ́ ilẹ̀ pupa tó para pọ̀ di Erédò ni wọ́n ń wá fi dí kòtò títì, òun náà ni wọ́n ń wá fi kún ilẹ̀ kí ilé tó dúró. Ògiri òkúta tó bá wó, wọ́n lè tún un tò. Yàrà tí wọ́n bá ti dí, tí wọ́n kọ́lé lé, ó ti tán nìyẹn.

Ìwé nìkan kò lè dáàbò bò ó. Láti 1995 ni Nàìjíríà ti fi Erédò, pẹ̀lú yàrà ilẹ̀ Benin, sórí àkọsílẹ̀ àwọn ibi tó fẹ́ kí UNESCO gbà bí ogún àgbáyé. Igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo gba ipò yẹn ní 2005. Erédò ṣì wà lórí ìlà.

Báwo ni Jàpáànù ṣe ṣe tiwọn?

Ilẹ̀ Jàpáànù náà ní ilé olódi rẹpẹtẹ. Ní 1615, ìjọba ibẹ̀ pàṣẹ kí wọ́n dín in kù. Ní 1873, àṣẹ míì tún jáde tó sọ ọ̀pọ̀ nínú wọn di wíwó tàbí títà. Lónìí, ilé gogoro àtètèkọ́ṣe 12 péré ló ṣẹ́kù. Ọ̀pọ̀ nínú tó kù jẹ́ àwókù, àwọn èèyàn sì ń lọ wò ó.

Ọ̀kan wà tó jọ Erédò dáadáa. Yamanaka lorúkọ rẹ̀, ó wà ní ìlú Mishima. Erùpẹ̀ ni wọ́n fi ṣe é, yàrà ló pọ̀ jù níbẹ̀. Ní 1590, ọ̀tá gbà á láàárín ọjọ́ kan ṣoṣo. Síbẹ̀, ìjọba fi òfin dáàbò bò ó ní 1934, wọ́n hú u, wọ́n sì gbin koríko sí ara yàrà kí òjò má baà wọ́ ọ lọ. Odi tí kò borí ogun rárá ni wọ́n tọ́jú bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀ kò le. Ìdílé tó ni ilẹ̀ ní ọmọ tó ń lọ sílé ìwé, ẹnì kan kò lè sọ fún wọn pé kí wọ́n máa fi ebi ṣọ́ kòtò. Kí ìjọba kọ́kọ́ wọn ilẹ̀ náà, kí wọ́n fi òpó sàmì sí i, kí wọ́n sì wá ohun tó máa wọlé fún àwọn onílẹ̀ látara àwọn tó bá wá wò ó. Ẹ̀yin tó fẹ́ ra ilẹ̀ lọ́nà Ẹ̀pẹ́ sí Ìjẹ̀bú-Òde náà, tí ẹ bá rí kòtò jíjìn tó lọ gbọọrọ nínú igbó, tí òkè erùpẹ̀ sì tẹ̀ lé e, ẹ béèrè dáadáa kí ẹ tó sanwó.

Tí ẹ bá fẹ́ lọ wò ó

Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ló dára jù, torí omi máa ń dúró nínú yàrà lásìkò òjò, etí rẹ̀ sì máa ń yọ̀. Ẹ kọ́kọ́ kí baálẹ̀, kí ẹ sì mú ọmọ ìlú tó mọ ọ̀nà dání. Ẹ wọ bàtà tó bo ẹsẹ̀, nítorí ejò. Ẹ má gun ara ògiri, ẹ má sì gbẹ́ ilẹ̀ ibẹ̀. Ẹ mú àwọn ọmọ yín lọ́wọ́. Tí wọ́n bá dúró sísàlẹ̀ yàrà náà, tí wọ́n gbójú sókè, wọ́n á mọ̀ pé iṣẹ́ ńlá ti wà lápá ibí yìí kí ẹnikẹ́ni tó gbọ́ orúkọ Lekki.