Fíbọ́rọ́ìdì Tí Jẹjẹrẹ Ahọ́n Ń Rá Wọ̀
Yunifásítì Oulu, Finland. Ìlànà tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2009

Ẹ sún mọ́ ọn dáadáa. Ègé ẹran yìí kò fẹ̀ ju mìlímítà 8 lọ. Ara fíbọ́rọ́ìdì tí wọ́n fi iṣẹ́ abẹ yọ nínú ilé ọmọ obìnrin kan ni wọ́n ti gé e. Ẹran iṣan ló pọ̀ jù nínú fíbọ́rọ́ìdì, bẹ́ẹ̀ náà ni ahọ́n rí.

Nínú abọ́ pẹlẹbẹ, ńṣe ni sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ kàn ń tẹ́ lọ bí ẹní. Kò rí ohun tí yóò lu. Ní ẹnu aláìsàn, ó ń wọ inú ẹran lọ ni, ibẹ̀ ló sì ti ń di ewu. Ìdí nìyí tí wọ́n fi da nǹkan bíi 700,000 sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ ahọ́n sórí ẹran yìí, tí wọ́n sì fi í sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì. Nínú jẹ́lì kọ́lájìn tí wọ́n ń lò tẹ́lẹ̀ fún irú àdánwò yìí, àwọn sẹ́ẹ̀lì náà kì í wọlé jìn tó báyìí.

Ẹ wo ìsàlẹ̀ lápá ọ̀tún: àwọn tó pọ́n bí amọ̀ yẹn ni sẹ́ẹ̀lì tó ti ya kúrò lára agbo, tó ń dá rìn.