Afárá Portal Ń Pààrọ̀, Ọkọ̀ Kò Dúró: Ìwé Ìlàlóye fún Àwọn Èrò Tó Ń Gba Ojú Irin láti New Jersey Wọ New York

Ẹ̀yin ará wa tí ẹ ń gbé ní Newark, Irvington, East Orange àti àwọn ìlú tó yí wọn ká, tí iṣẹ́ òòjọ́ ń mú kí ẹ máa wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí New York láràárọ̀, kí ẹ sì tún máa gbà á bọ̀ wálé lálaalẹ́, ẹ̀yin ni a kọ ìwé yìí fún. A kò kọ ọ́ láti júwe ibùdókọ̀ fún yín, ẹ ti mọ̀ ọ́n bí ẹni mowó. Ohun tó mú wa kọ ọ́ ni pé, ní gbogbo ìgbà tí iṣẹ́ bá dé sórí afárá yìí, ọ̀rọ̀ kan náà ni àwọn ènìyàn ń gbé wá sí ojú fèrèsé tí a ti ń ta tíkẹ́ẹ̀tì. Ẹnìkan á wí pé òun gbọ́ pé afárá ti bàjẹ́, pé ọkọ̀ kò sí mọ́, òun sì ti san owó gọbọi fún ọlọ́kọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ kan. Òmíràn á dúró de ọkọ̀ tí kò ní í dé. Òmíràn á sì bọ́ sínú ọkọ̀ láì bèèrè ibi tó ń lọ, kó tó mọ̀, ó ti di Hoboken, nígbà tó jẹ́ pé Penn Station ni ó fi ọkàn sí.

Afárá kò wó

Afárá Portal ni ojú irin gbà kọjá odò Hackensack láàárín Kearny àti Secaucus. Èyí tuntun tí yóò rọ́pò rẹ̀ kò jókòó lórí òpó ti àtijọ́ rárá; ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ní ìhà àríwá, ni a kọ́ ọ sí, kí ọkọ̀ lè máa gba orí ti àtijọ́ lọ, kó máa gba orí rẹ̀ bọ̀, ní gbogbo ọdún tí àwọn òṣìṣẹ́ fi ń ri òpó tuntun mọ́lẹ̀ tí wọ́n sì ń to irin lé e lórí. Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá dúró sí ẹnu ọ̀nà ibùdókọ̀, tó ń wí fún yín pé ojú irin ti dí, pé kí ẹ bá òun ká lọ nínú mọ́tò òun, ẹ má ṣe dá a lóhùn kí ẹ tó bi òṣìṣẹ́ tó wọ aṣọ iṣẹ́ léèrè. Ọkọ̀ lè dínkù, àkókò rẹ̀ lè yí, ṣùgbọ́n ojú irin kan kò ní í ṣàì ṣí sílẹ̀ fún èrò nígbà tí èkejì bá wà lọ́wọ́ àwọn òṣìṣẹ́. Bí a ti la iṣẹ́ náà sílẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ nìyí.

Ohun tó ń ṣe afárá àtijọ́

Ní ọdún 1910 ni ilé-iṣẹ́ Pennsylvania Railroad ṣí afárá náà, ọdún kan náà tí wọ́n ṣí Penn Station ní New York. Ẹ̀yin tí ẹ mọ afárá Jẹ́bà, tí ojú irin gbà sọdá odò Ọya, ẹgbẹ́ ni àwọn méjèèjì, nítorí ọdún 1916 ni ti Jẹ́bà parí. Ojú irin méjì péré ló wà lórí Portal, ọ̀kan fún àlọ, ọ̀kan fún àbọ̀, lórí méjì yìí náà ni ọkọ̀ Amtrak àti ti NJ Transit, tó tó nǹkan bí 450 lójúmọ́, ti ń kọjá, pẹ̀lú èrò tí iye wọn tó nǹkan bí 200,000. Àgbà afárá, arù-má-sọ̀, atẹ́ ẹ̀yìn fún tọmọdé tàgbà kọjá, ọpẹ́ rẹ̀ pọ̀ lọ́wọ́ wa. Ṣùgbọ́n àìsàn tó ń ṣe é kì í ṣe èyí tí ọpẹ́ lè wò sàn.

Àìsàn náà ni pé ìdí rẹ̀ súnmọ́ omi jù. Ẹsẹ̀ bàtà 23 péré ló wà láàárín òun àti odò, nítorí bẹ́ẹ̀, bí ọkọ̀ ojú omi tó ga bá fẹ́ kọjá, apá àárín afárá náà ní láti yí lórí òpó tó wà láàárín rẹ̀, títí yóò fi gùn lọ bí odò ti gùn, kí ọkọ̀ omi tó rí ọ̀nà. Bí ó bá wá ń yí bọ̀ sí àyè rẹ̀, ìpẹ̀kun àwọn irin orí rẹ̀ gbọ́dọ̀ bá ti apá afárá tí kì í yí ṣe déédéé, kí wọ́n wọra ṣinṣin. Bí ó bá ku díẹ̀ báyìí kó wọ̀, iná àmì kò ní í jẹ́ kí ọkọ̀ kankan gorí rẹ̀. Ó ti ṣẹlẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà tí àwọn òṣìṣẹ́ ní láti gbé òòlù ńlá, tí wọ́n ń lu irin náà kíkankíkan títí tó fi jókòó sí ipò rẹ̀, nígbà tí ọkọ̀ lẹ́yìn ọkọ̀ ti tò dé Newark, tí àwọn èrò inú wọn ń wo aago. Ẹni tí ó bá ti jókòó sínú ọ̀kan nínú irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ní òwúrọ̀ ọjọ́ iṣẹ́ kò tún nílò ẹni tí yóò sọ ìwúlò afárá tuntun fún un.

Èyí tuntun ga tó ẹsẹ̀ bàtà 50 sórí omi. Kì í yí, kì í ṣí, abẹ́ rẹ̀ ni ọkọ̀ omi yóò máa gbà. Gíga rẹ̀ yìí gan-an ló sọ iṣẹ́ náà di gígùn, nítorí ọkọ̀ ojú irin kò lè gun òkè lójijì. Láti ọ̀nà jíjìn ni irin ti ní láti máa gòkè díẹ̀díẹ̀, ìdí nìyẹn tí ojú irin tí a ń tún ṣe fi gùn tó máìlì 2.44. Ní àwọn ibòmíràn, wọn a máa kọ́ afárá tuntun sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti àtijọ́, wọn a wó ti àtijọ́ lópin ọ̀sẹ̀ kan, wọn a sì ti tuntun wọ àyè rẹ̀ kí ọjọ́ Ajé tó mọ́. Ibi tí méjèèjì bá ga dọ́gba ni irú èyí ti ṣeé ṣe. Kò ṣeé ṣe níhìn-ín. Ọdún 2022 ni iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀. Ọrun irin ńlá mẹ́ta ni afárá náà ní, ọ̀kọ̀ọ̀kan gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 400. Coeymans, létí odò Hudson nítòsí Albany, ni a ti to wọ́n pọ̀, tí a sì fi ọkọ̀ omi pẹlẹbẹ gbé wọn sọ̀ kalẹ̀ wá.

Ìdí tí ọkọ̀ fi ń dínkù nígbà ìgbésípò

Kíkọ́ afárá kọ́ ló ń dí èrò lọ́wọ́, ìgbésípò ni. Ìgbésípò ni ìgbà tí a bá gé irin kúrò lára ti àtijọ́, tí a so ó mọ́ ti tuntun, tí a na wáyà iná lé e lórí, tí a sì dán gbogbo iná àmì wò kí èrò kankan tó gba ibẹ̀. Ojú irin kan lẹ́ẹ̀kan ni a ń gbé. Ti àkọ́kọ́ ni a fi sí 15 oṣù Kejì títí di 15 oṣù Kẹta ọdún 2026; ti èkejì ni a fi sí ìgbà ìwọ́wé ọdún náà. Lẹ́yìn méjèèjì ni a óò tó wó afárá àtijọ́.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ń bi wá pé, bí a bá ti ojú irin kan pa nínú méjì, ṣé kì í ṣe ìdajì ọkọ̀ ló yẹ kó kù ni? Ìṣirò náà kò lọ bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ojú irin bá jẹ́ méjì, ọkọ̀ tó ń lọ kò ní ohunkóhun í bá èyí tó ń bọ̀ ṣe. Wọ́n kàn ń tẹ̀lé ara wọn ni. Nígbà tó bá ku ọ̀kan, gbogbo ọkọ̀ tó ń lọ gbọ́dọ̀ kọjá tán pátápátá kí ẹyọ kan tó ń bọ̀ tó lè wọlé, àkókò tí ojú irin fi wà lófìfo ní àárín méjèèjì sì ti ṣòfò. Wọ́n ti ṣírò èyí fún ihò abẹ́ odò Hudson tí ojú irin yìí kan náà ń bá wọ New York: bí ojú irin kan bá ti kú, ọkọ̀ 24 tó ń kọjá ní ìhà kan láàárín wákàtí kan lè dínkù sí 6. Ẹ fi èyí sọ́kàn nígbà tí ẹ bá rí i pé ọkọ̀ tí ẹ ti ń wọ̀ láti ọjọ́ pípẹ́ kò sí nínú ìwé mọ́. Kì í ṣe pé a kò ka ìlú yín sí. Bẹ́ẹ̀ sì ni kò yẹ kí ẹnikẹ́ni máa rọ àwọn òṣìṣẹ́ pé kí wọ́n kánjú. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fagbára mú ní í ni ni lára.

Ẹ wo àkókò ọkọ̀ yín lọ́tun, kí ẹ sì wo ibi tó ń lọ

Kókó ìwé yìí nìyí, bí ẹ bá gbàgbé gbogbo ìyókù, ẹ má ṣe gbàgbé èyí. Ìwé àkókò ọkọ̀ tó wà nínú fóònù yín láti ọdún tó kọjá, tàbí èyí tí ẹ lẹ̀ mọ́ ara fìríìjì, kò wúlò ní ìgbà ìgbésípò. Bí òní ti rí, ọ̀la kì í rí bẹ́ẹ̀, ló mú kí babaláwo máa dífá ọrọọrún. Ẹ jẹ́ kí ó di àṣà yín láti wo àkókò ọkọ̀ ní alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú ọjọ́ tí ẹ óò rìn, lórí áàpù tàbí lára pátákó ibùdókọ̀, kí ẹ sì tún un wò ní òwúrọ̀ kí ẹ tó jáde.

Ohun méjì ni ẹ óò wò, kì í ṣe ọ̀kan. Wákàtí tí ọkọ̀ ń gbéra ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń wò, wọn a sì gbàgbé ibi tó ń lọ, bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ gan-an ni ìpalára wà. Àwọn ọkọ̀ Midtown Direct, ti ojú irin Morris & Essex àti ti Montclair-Boonton, èyí tí àwọn ará Brick Church, Orange, South Orange àti Newark Broad Street ń wọ̀ lọ tààrà sí Penn Station, Hoboken ni a darí wọn sí ní ọjọ́ iṣẹ́ nígbà ìgbésípò, kí àyè tó kù lórí afárá lè tó fún àwọn tí kò ní ọ̀nà mìíràn. Ọkọ̀ náà lè gbéra ní wákàtí tí ó súnmọ́ èyí tí ẹ mọ̀, láti orí pèpéle tí ẹ mọ̀, kó sì jẹ́ irú ọkọ̀ kan náà. Ibi tó ń lọ nìkan ló yí. Nítorí náà, kí ẹ tó gbé ẹsẹ̀ lé àtẹ̀gùn rẹ̀, ẹ ka orúkọ ìlú tó wà lára pátákó iná. Bí ojú kò bá ríran tó, ẹ bi òṣìṣẹ́ inú ọkọ̀ pé, "Ṣé Hoboken ni àbí New York?" Ìbéèrè yẹn kò ní owó nínú, ó sì lè gba iṣẹ́ òòjọ́ lọ́wọ́ pípẹ́ dé.

Ẹni tó bá bọ́ sí Hoboken kò ṣìnà. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Kí ó sọ̀ kalẹ̀, kí ó wọ PATH tó ń lọ sí 33rd Street, yóò sì bọ́ sí ibi tí kò jìn sí Penn Station rárá. Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Newark Penn Station, tí iṣẹ́ yín wà ní ìsàlẹ̀ Manhattan, PATH tó ń lọ sí World Trade Center kò gba orí Portal rárá. Afárá tirẹ̀ ló ń gbà sọdá Hackensack, nítorí náà ìgbésípò kò kàn án. Ṣùgbọ́n ẹ mọ̀ pé ọ̀pọ̀ ènìyàn ni yóò yà síbẹ̀ lásìkò yìí. Ẹ tètè jáde nílé.

Tíkẹ́ẹ̀tì

Ẹ má ra tíkẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni tó bá ń gbé e kiri. Ojú fèrèsé, ẹ̀rọ tí ń ta tíkẹ́ẹ̀tì, àti áàpù nìkan ni ibi tí a ti ń rà á. Bí ẹ̀rọ tàbí ẹni tí ń tà bá wà ní ibùdókọ̀, tí ẹ kò rà á kí ẹ tó wọlé, dọ́là 5 ni a óò fi lé owó yín nínú ọkọ̀, kò sì sí ẹ̀bẹ̀ tí òṣìṣẹ́ lè gbà. Tíkẹ́ẹ̀tì àlọ nìkan kì í pẹ́ ju ọjọ́ 30 lọ. Ẹ má ṣe rà á pamọ́ de ìgbà ìgbésípò. PATH a máa gba tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ ojú irin nígbà tí a bá kéde bẹ́ẹ̀, àti ní ibùdókọ̀ tí a dárúkọ nìkan. Níbòmíràn, ẹ óò san owó PATH lọ́tọ̀.

Àwọn ìyá àti bàbá wa tí ọjọ́ orí wọn ti pé 62 ní ẹ̀tọ́ sí owó ẹ̀dínwó, ṣùgbọ́n kí wọ́n mú ìwé tó fi ọjọ́ orí hàn dání, nítorí ewú orí nìkan kò tó ẹ̀rí.

Bí ẹ bá ní àgbàlagbà nílé tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì dáadáa, tàbí ìyá tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ilé wá tọ́mọ, a bẹ̀ yín, ẹ ka ìwé yìí sí wọn létí, kí ẹ sì kọ orúkọ ibùdókọ̀ tí wọn yóò sọ̀ sí sínú ìwé pélébé kan fún wọn kí wọ́n tó jáde.