Ǹjẹ́ Ìkà Lè Yí Padà?

Ẹ ka Lúùkù 19:1-10

Ẹ̀yin ará, obìnrin kan bi mí lẹ́yìn ìsìn ní Òkàkà pé: “Bàbá, ọkọ mi tó fi lílù lé mi jáde ní òun ti di àtúnbí. Ṣé ìkà lè yí padà?”

Mo rántí Joshua Blahyi ti Làìbéríà. Nígbà ogun abẹ́lé wọn, ìhòòhò ló fi ń jà, ó sì ń kó ọmọdé wọ ogun. Ní 1996 ó fi ogun sílẹ̀, ó di oníwàásù. Ní oṣù January 2008, ó jẹ́wọ́ níwájú ìgbìmọ̀ òtítọ́ àti ìlàjà pé ẹ̀mí tó ṣòfò lọ́wọ́ òun àti àwọn ọmọ ogun òun kò dín ní 20,000. Ó ń wá àwọn tó ṣẹ̀ kiri, ó ń bẹ̀ wọ́n. Àwọn kan dáríjì í. Ó ṣòro fún àwọn mìíràn.

Ọlọ́run nìkan ló mọ ọkàn. Ilẹ̀kùn àánú kò tì mọ́ ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n Sákéù kò fi ẹnu lásán ronúpìwàdà: ó ní òun yóò san ohun tí òun rẹ́ jẹ padà ní ìlọ́po mẹ́rin.

Mo dá obìnrin náà lóhùn pé: “Ọmọ mi, Ọlọ́run lè gbà á lónìí. Kò di dandan kí ìwọ padà lónìí. Kó kọ́kọ́ jẹ́wọ́ níwájú àwọn òbí rẹ, kí á sì fi ọjọ́ pípẹ́ wo ìwà rẹ̀.”

Ẹ̀yin alàgbà ìjọ, ẹ má fi ọ̀rọ̀ ìdáríjì ti ẹni tí wọ́n lù padà sábẹ́ pàṣán.

Àdúrà: Olúwa, yí ìkà padà, kí o sì dáàbò bo ẹni tó ṣe léṣe. Àmín.