Tí A Bá Rìn Díẹ̀ Tí A Ń Mí Hẹlẹ

Ọ̀kan nínú wa máa ń jókòó sinmi lẹ́ẹ̀mẹta kó tó ti gáréèjì dé ìsọ̀ rẹ̀. Àwa rò pé àgbà ló dé ni. Ọsibítù ni wọ́n ti sọ fún un pé ọkàn rẹ̀ ló ti rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ríru tí kò tọ́jú ló fà á.

Ọkàn ló ń ti ẹ̀jẹ̀ káàkiri ara. Tí kò bá lágbára mọ́, ẹ̀jẹ̀ á dúró sẹ́yìn, omi á wọ ẹ̀dọ̀fóró, ẹsẹ̀ á wú. Bí a bá wá ń rìn, ara á máa bèèrè ẹ̀jẹ̀ sí i, ọkàn ò ní lè pèsè rẹ̀, la bá ń mí hẹlẹ.

Ìdánwò tí wọ́n ṣe fún un rèé: ó rìn lọ rìn bọ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ tó gùn tó mítà 30, fún ìṣẹ́jú 6. Tó bá rẹ̀ ẹ́, ó lè dúró sinmi, ṣùgbọ́n aago ò dúró. Wọ́n ka iye mítà tó rìn, wọ́n sì bi í bí èémí ṣe nira tó. Tó bá ti lo oògùn fún ìgbà díẹ̀, wọ́n á tún un ṣe, kí wọ́n mọ̀ bóyá ó ń sàn.

Ẹ má dán an wò fúnra yín o! Ṣùgbọ́n ẹ máa ṣọ́ ibi tí ẹ ti ń sinmi lọ́nà, kí ẹ sọ ọ́ fún dókítà. Ẹni tó ń mí hẹlẹ lórí ìjókòó, tàbí tí kò lè dùbúlẹ̀ kó mí dáadáa, kó má dúró di ìgbà tí ọjà bá tú. Ọsibítù ni kó gbà lọ.

Ìlera loògùn ọrọ̀. A ò ní kú ikú àìmọ̀ o.